Iyanrìn Lórí Irin

Òfìfo ni mo gbé ọkọ̀ bọ̀ wá sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà,
mo ti já pákó sílẹ̀ ní Ìbòdì,
mo ní òkè Ìmọ̀ kò lè ṣòro fún ọkọ̀ tí kò ru nǹkan kan.
Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.
Òjò ti fọ ilẹ̀ pupa náà títí ó fi ń dán bí ọṣẹ,
táyà ẹ̀yìn ń yí, ó ń yí bí òkòtó,
ẹrẹ̀ ń ta sára ògiri ilé onílé.
Mo tẹná mọ́ ọn. Ó yí sí i.
Ọkọ̀ ò kúrò lójú kan; ó tilẹ̀ ń fà sẹ́yìn.

Ògúnyànkin jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀
nínú kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti rélùwéè,
ó ń rẹ́rìn-ín.
"Gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ìwọ ọmọ yìí.
Agbára rẹ pọ̀. Ẹsẹ̀ ni o ò ní."
Ó na ọ̀pá sí àwọn ọmọkùnrin tó ń wò mí níran:
"Ẹ gùn ún. Ẹ jókòó sórí táyà ẹ̀yìn gan-an."
Mẹ́sàn-án ni wọ́n, ọ̀kan sanra bí àpò kòkó.
Mo rọra tú kílọ́ọ̀ṣì.
Ọkọ̀ di ilẹ̀ mú, ó gun òkè
bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu.

Èmi tí mo rò pé ẹrù ni ọ̀tá òkè!

Iléṣà ò ní ojú irin. Òṣogbo ni rélùwéè gbà kọjá.
Ẹsẹ̀ ni bàbá náà fi rìn dé ibẹ̀ lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún,
nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ru aṣọ lọ tà láwìn.
Wọ́n fún un ní ṣọ́bìrì.
Ó mọ èédú Enúgu kó tó mọ ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí mo gbé obì lọ dúpẹ́, ó ní:
"Ẹ́ńjìnnì wa wọn ọgọ́rin tọ́ọ̀nù, ká tó bu omi sí i.
Àwọn èèyàn a ní, kí ló dé tí wọn ò fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é, kó lè yá?
Kó lè yá lọ síbo?
Irin lórí irin, ó ń yọ̀ ju ilá lọ.
Ìwúwo yẹn ló fi ń tẹ irin mọ́lẹ̀.
A kó ẹ̀pà láti Kánò, wágùnù méjìlélọ́gbọ̀n.
Òkè kan wà tí à ń pè ní Ìyá Ọkọ,
ojú ò rí i pé ó ga, ẹ́ńjìnnì nìkan ló mọ̀.
Ìrì sẹ̀ sórí irin lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀,
ó ń yí gbirigbiri, iná ń ta pàrà lábẹ́ rẹ̀,
ariwo gba gbogbo igbó, a ò sì kúrò níbi tí a wà.
Olóyèdé, dírẹ́bà wa, pa ooru. Ó ní, 'Iyanrìn!'
Mo fa ọ̀pá, iyanrìn ń dà láti inú àgbá orí ẹ́ńjìnnì
síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.
Ó tún ṣí ooru. Hàà. Ó dákẹ́. Hàà.
Wágùnù kan fa èkejì, èkejì fa ẹ̀kẹta."

"Tí iyanrìn bá tán ńkọ́, Bàbá?"

"A ó já ọkọ̀ sí méjì. A ó gbé ìdajì gòkè, a ó padà wá gbé ìyókù.
Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú ni kéèyàn máa yí lójú kan
kó máa pè é ní ìrìn."

Lọ́dún tó kọjá a gbé e gun òkè yẹn.
Òjò tún ti rọ̀. Àwa mẹ́fà la wà lábẹ́ pósí,
ó sì fúyẹ́, ó yà mí lẹ́nu:
níbo ni ọgọ́rin tọ́ọ̀nù náà lọ?
Bàtà mi yọ̀. Ti Fápohùndà náà yọ̀. A dúró.
Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ọmọ́boríọwọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin,
tó ń bọ̀ láti ibi òkìtì àwọn bíríkìlà,
ó ti ká ìró sókè, iyanrìn kún inú rẹ̀.
Kò wí nǹkan kan.
Ó ń bù ú síwájú ẹsẹ̀ wa,
díẹ̀ díẹ̀.